Ṣé O Mọ̀ Pé Ìgbì Iná Ṣeé Fojú Rí? Ọ̀rọ̀ Oscilloscope Àlòkù

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ ṣe túùbù tí a fi ń rí ìgbì iná mànàmáná gba ẹ̀bùn Nobel, síbẹ̀ tí kì í ṣe torí túùbù náà ni wọ́n fi fún un? Karl Ferdinand Braun, onímọ̀ físíìsì ọmọ Jámánì, ló ṣe é ní Strasbourg lọ́dún 1897, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Jámánì. Nígbà tó di 1909, òun àti Marconi jọ pín ẹ̀bùn Nobel, àmọ́ iṣẹ́ rédíò ni wọ́n tìtorí rẹ̀ dá wọn lọ́lá. Túùbù tí wọn ò dárúkọ yẹn ló wá di ìyá gbogbo oscilloscope, tí a tún ń pè ní síkóòpù. Títí di òní, orúkọ Braun ni àwọn ará Jámánì fi ń pe túùbù náà.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ kò ṣòroó mọ̀. Wáyà tín-ín-rín kan ń gbóná ní ìdí ọrùn túùbù, ó ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde. Iná alágbára ń fa ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ̀nyí lọ síwájú, níbi tí wọ́n ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ kúrò, títí wọ́n á fi kọlu gíláàsì ojú rẹ̀. Wọ́n ti fi ẹ̀tù kan kun inú gíláàsì yẹn, ibi tí wọ́n bá sì ti kọlù ú ló ń tàn bí ewé tútù. Irin pẹlẹbẹ méjì ń fà wọ́n sókè sódò bí iná tí ò ń yẹ̀ wò bá ṣe wí. Méjì mìíràn ń fà wọ́n láti òsì lọ sọ́tùn-ún, ní ìyára kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Òkè-òdò yẹn ni volt, òsì sí ọ̀tún ni àkókò. Ohun tí o rí lójú gíláàsì ni ìṣesí iná náà fúnra rẹ̀: ibi tó ti gbéra, ibi tó ti já wálẹ̀, ibi tó ti ń gbọ̀n. Mítà ò lè sọ ìyẹn fún ọ. Iye ni mítà mọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni túùbù síkóòpù àti túùbù tẹlifíṣọ̀n tí àwọn ará Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ sí í wò nígbà tí WNTV ṣí lọ́dún 1959? Ọrùn wọn ló yàtọ̀. Nínú tẹlifíṣọ̀n, wáyà tí wọ́n wé mọ́ ọrùn túùbù ló ń fi agbára mágínẹ́ẹ̀tì darí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Agbára yẹn lè tẹ̀ wọ́n gan-an, ìdí nìyẹn tí ọrùn túùbù tẹlifíṣọ̀n fi lè kúrú kí ojú rẹ̀ sì fẹ̀ bí tábìlì. Àmọ́ kì í tètè yí padà. Irin pẹlẹbẹ inú síkóòpù lè yí padà ní ọ̀kẹ́ àìmọye ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ló ń tẹ ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù. Ọrùn túùbù ní láti gùn kí ìwọ̀nba yẹn tó hàn síta. Èyí ló jẹ́ kí ojú síkóòpù kéré tó bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀yìn rẹ̀ sì gùn tó bẹ́ẹ̀. Wọn ẹ̀yìn tábìlì rẹ kí o tó sanwó. Má sì gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ sípíkà ńlá, torí mágínẹ́ẹ̀tì inú sípíkà lè fa ìlà ojú síkóòpù wọ́.

Ṣé o mọ bí àmì iná kékeré tó ń ya ìlà lójú gíláàsì ṣe ń sáré tó? Ẹ jẹ́ ká mú Tektronix 465, tó jáde lọ́dún 1972, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó fẹ́ràn iṣẹ́ yìí ṣì ń wá kiri títí di òní. Wọ́n pín ojú rẹ̀ sí 10 níbùú, 8 lóròó, ìpín kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan. Bí o bá yí bọ́tìnì àkókò rẹ̀ dé ibi tó yára jù, àmì náà á gba sẹ̀ǹtímítà kan kọjá láàárín ìdá 5 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá. Bí a bá ṣírò rẹ̀, kìlómítà 2,000 ni láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Láti Èkó dé Kano ní tààrà kò tó ìdajì ìyẹn. Orí gíláàsì tí àtẹ́lẹwọ́ méjì lè bò ni gbogbo eré yìí ti ń wáyé.

Rédíò rẹ́páírà ló bẹ̀rẹ̀ ilé iṣẹ́ tó ṣe 465 ọ̀hún. Ṣé ìwọ náà mọ̀ bẹ́ẹ̀? Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé, Howard Vollum ń tún rédíò ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù Jack Murdock ní Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Nígbà ogun, wọ́n rán Vollum lọ sí Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ṣiṣẹ́ lórí réédà níbẹ̀. Ó padà dé, òun àti Murdock pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn sì dá Tektronix sílẹ̀ lọ́dún 1946. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n gbé 511 jáde, ní dọ́là 795.

Ohun tí 511 fi borí ni pé ó mọ ìgbà tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ síkóòpù tó wà lọ́jà nígbà yẹn kàn ń ya àwòrán léra wọn ni, ìgbì á máa sá kiri lójú gíláàsì, ìwọ á máa fi bọ́tìnì lé e. 511 ní tirẹ̀ máa ń dúró, á máa ṣọ́ iná tó ń wọlé, ìgbà tí iná náà bá sì ga dé ibi tí o fi sí ló máa tó gbéra láti òsì. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ láti ibì kan náà nígbà gbogbo, àwọn àwòrán á bọ́ sórí ara wọn, wọ́n á dúró gbọn-in. Àrà tí síkóòpù tún lè dá lẹ́yìn èyí, gíga ló gun orí rẹ̀.

Lọ́dún 1947 yẹn kan náà, ilé iṣẹ́ Heath ní Benton Harbor, Michigan, ra ẹrù túùbù àti àwọn nǹkan míì tí ológun kó tì lẹ́yìn ogun, ó kó wọn sínú páálí, ó sì ń tà wọ́n ní dọ́là 39.50: kí oníbàárà lọ to síkóòpù fúnra rẹ̀. Ọmọ iléèwé àti ẹni tó kàn fẹ́ràn rédíò wá lè ní síkóòpù nílé. Bí wọ́n bá fi ọ̀kan nínú àwọn Heathkit ìgbà yẹn lọ̀ ọ́ lónìí, rà á kí o gbé e sórí pẹpẹ. Kì í ṣe òun ni wàá fi ṣiṣẹ́. Òun náà wà lára àwọn tí ìgbì ń sá kiri lójú wọn.

Ṣé o mọ̀ pé nínú síkóòpù tó dáa, iná tí o fẹ́ wò ní láti kọ́kọ́ dúró díẹ̀? Ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ọ máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ta àmì náà sáré. Bí iná bá lọ tààrà sójú gíláàsì, ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ á ti kọjá kí àmì tó gbéra, bẹ́ẹ̀ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn gan-an ni ẹni tó ń wá àléébù sábà máa ń fẹ́ rí. Wọ́n wá mú okùn wáyà gígùn kan, wọ́n ká a jọ sínú àpótí, kí iná kọ́kọ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Nínú 465, bí ìdá 120 nínú bílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú-àáyá ló fi ń pẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣí àpótí rẹ̀ tó rí wáyà tó ká jọ láìsí iṣẹ́ kankan tó hàn síta, kó má ṣe gé e kúrò o.

Èyí tó wù mí jù lọ rèé. Ṣé o mọ̀ pé nínú àwọn Tektronix àtijọ́, ti ìgbà tí ẹ̀rọ ṣì ń lo túùbù, ilé iṣẹ́ máa ń fi lẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ fún ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú? Kì í ṣe pákó onílà ni wọ́n to resísítọ̀ àti kàpásítọ̀ sí. Ọ̀pá amọ̀ funfun tí wọ́n ti sun nínú iná ni, ó ní kòtò kéékèèké ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, wọ́n sì fi fàdákà tẹ́ inú kòtò kọ̀ọ̀kan kí lẹ́ẹ̀dì lè mú un. Wàhálà ibẹ̀ ni pé lẹ́ẹ̀dì lásán máa ń jẹ fàdákà: bí o bá jó o síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, fàdákà á tán lára amọ̀, kò sì sí ohun tí lẹ́ẹ̀dì máa tún dì mú mọ́. Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n ti po fàdákà díẹ̀ mọ́ nìkan ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé rẹ́páírà lè má rí irú rẹ̀ rà, wọ́n bá wé díẹ̀ sórí ìkáwọ́ kékeré, wọ́n fi kọ́ sára ògiri inú àpótí. Ẹni tó bá ń ra irú síkóòpù yìí lónìí, kó ṣí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Bí lẹ́ẹ̀dì bá ṣì wà lórí ìkáwọ́, ó ṣeé ṣe kí ọwọ́ rẹ́páírà má tíì wọ ibẹ̀ púpọ̀.

Irú ọkàn yẹn náà ni wọ́n fi kọ ìwé tó bá a wá. Gbogbo wáyà, gbogbo resísítọ̀, iye volt tó yẹ kó wà níbí, bó ṣe yẹ kí ìgbì rí lọ́hùn-ún, gbogbo rẹ̀ ló wà nínú ìwé àtúnṣe Tektronix. Nínú àwọn kan, ẹni tó ya àwòrán wáyà tiẹ̀ fi àwòrán ẹ̀fẹ̀ kéékèèké há àárín rẹ̀. Ta ló tún ń kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀rọ ìwòyí? Jim Williams, ọ̀kan nínú àwọn tó mọ iṣẹ́ áísíì jù ní Amẹ́ríkà, kó síkóòpù àlòkù jọ rẹpẹtẹ, ó ń tún wọn ṣe, ó sì ń fi wọ́n ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀. Nígbà tó kú lọ́dún 2011, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé kọ̀ǹpútà ní Mountain View, California, gbé tábìlì iṣẹ́ rẹ̀ síta fún aráyé wò, pẹ̀lú gbogbo rúdurùdu orí rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti fi síkóòpù gba bọ́ọ̀lù tẹ́níìsì rí? William Higinbotham, onímọ̀ físíìsì ní Brookhaven ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é lọ́dún 1958 kí ó má bàa sú àwọn tó wá ṣèbẹ̀wò: ilẹ̀ jẹ́ ìlà kan, àwọ̀n jẹ́ ìlà kejì, bọ́ọ̀lù sì ń fò lórí gíláàsì tí fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 5. Èèyàn tò wá wò ó. Ṣé o sì mọ̀ pé àmì ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ìjọba Ọsirélíà, ABC, jẹ́ àwòrán tí síkóòpù máa ń yà? Bí o bá fi iná kan wọ òkè-òdò, tí o fi òmíràn wọ òsì sí ọ̀tún, tí ọ̀kan sì ń yára ní ìlọ́po mẹ́ta èkejì, òun náà ni wàá rí.

Ó yá, ká wọ ọjà. Láti 1952 ni àwọn olólùfẹ́ rédíò ti ń pàdé lọ́dọọdún ní agbègbè Dayton, ní Ohio, níbi tí wọ́n ti máa ń tẹ́ síkóòpù sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àwọn tó kù wà ní ẹ̀yìn ilé ẹ̀kọ́ gíga, ní ilé iṣẹ́ tó ti kógbá sílé, lọ́wọ́ opó ẹnjiníà. "Ó ń tan iná" ni ẹni tó ń tà á máa ń sọ. Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ nǹkan kan? Gílóòbù pupa kékeré lè máa tàn kí gbogbo inú ẹ̀rọ ti kú.

Ìlà ni kí o ní kó fi hàn ọ́. Kó tẹ́ẹ́rẹ́, kó mú, kó má nípọn láàárín kó sì ṣe bàìbàì létí. Dín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀: bí o bá ní láti yí bọ́tìnì dé òpin kí o tó rí nǹkan kan, túùbù ti ń rẹ̀. Pa á, kí o wá wo gíláàsì náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí o bá rí àpá bíráún tó fà gbọọrọ láàárín, wọ́n ti fi ìlà sílẹ̀ lójú kan pẹ́ títí ó fi jó ẹ̀tù inú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ ohun tó wà nínú síkóòpù ló ṣeé tún ṣe tàbí kí a fi òmíràn dípò rẹ̀, àfi túùbù. Síkóòpù tí túùbù rẹ̀ dáa tí gbogbo nǹkan yòókù bàjẹ́ sàn ju èyí tí nǹkan yòókù dáa tí túùbù rẹ̀ ti rẹ̀ lọ, ọwọ́ kan náà kọ́ ni ká fi mú wọn.

Lẹ́yìn náà, yí bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, níkọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá ń fò tàbí tó ń sọnù bí o ṣe ń yí i, ìdọ̀tí lásán lè ni, ọṣẹ tí wọ́n fi ń fọ inú bọ́tìnì á tán an. Fi púróòbù, okùn tí a fi ń gbé iná wọ síkóòpù, kan irin kékeré tó wà níwájú rẹ̀, èyí tó ń pèsè ìgbì onígun fún àyẹ̀wò. Bí ìkànnì méjèèjì tí iná ń gbà wọlé bá fi igun mẹ́rin tó gún hàn, tí gíga rẹ̀ sì bá ohun tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu, o ti ń rajà gidi nìyẹn.

Ṣé o mọ̀ pé kàpásítọ̀ kan wà tó máa ń dúró de ọ̀gá tuntun kó tó bú? Kàpásítọ̀ onípépà ti Rifa ni, òun ló wà níbi tí iná ti ń wọlé nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìgbà náà, títí kan Tektronix 2465. Ike ara rẹ̀ máa ń sán, omi inú afẹ́fẹ́ á sì máa wọ inú pépà. Bí ẹ̀rọ bá ti wà nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún tí o sì tan iná sí i, á ru èéfín tó ń rùn gan-an. Bí wọn ò bá tíì bàjẹ́ pàápàá, pààrọ̀ wọn. Nínú 465 ní tirẹ̀, kàpásítọ̀ tantalum ló sábà máa ń jó, tó sì máa ń fa iná wálẹ̀. Àwọn 2465 tó jáde kẹ́yìn tún ní tiwọn: bátìrì kékeré ló ń tọ́jú àwọn òǹkà tí wọ́n fi ṣètò wọn nílé iṣẹ́, bí bátìrì bá sì kú, gbogbo òǹkà náà lọ. Bèèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ kẹ́yìn.

Ṣé o mọ̀ pé síkóòpù 100 MHz kì í sọ òtítọ́ tán ní 100 MHz? Bí volt 1 bá wọlé ní ìyára yẹn, bíi volt 0.7 ló máa fi hàn ọ́. Ibi tó ti dín dé ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń pè ní ìwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, ra èyí tó ju iṣẹ́ rẹ lọ dáadáa. Ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òǹkà dẹ́rù bà ọ́. Ẹni tó ń tún amplifáyà àti pàwà ṣe, 20 MHz tó o, ó sì ṣẹ́kù. Hitachi V-212 tàbí Hameg HM203 ti Jámánì á ṣe iṣẹ́ yẹn pẹ́, wọ́n sì fúyẹ́ ju àwọn àgbà Oregon lọ.

Púróòbù ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń rò pé wáyà lásán ni. Ṣé o mọ̀ pé wáyà tín-ín-rín tó wà láàárín okùn púróòbù onílọ́po mẹ́wàá jẹ́ irú èyí tó ń dènà iná, pé wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ kí ìgbì má bàa máa ta padà láti òpin kan sí èkejì? Bó bá já, wáyà eriali tẹlifíṣọ̀n ò lè rọ́pò rẹ̀. Ra púróòbù tuntun, kí o fi owó rẹ̀ kún iye tí o pinnu, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà kì í fi kún un.

Ibi tí mo fẹ́ kí o fara balẹ̀ kà nìyí. Ṣé o mọ̀ pé ẹnu dúdú tí à ń fi há ilẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ púróòbù, so mọ́ irin ara síkóòpù, tí irin náà sì so mọ́ áàtì inú púlọ́ọ̀gì? Bí o bá fi há ibi tí iná wà nínú tẹlifíṣọ̀n tàbí nínú ṣájà, o ti so iná mọ́ ilẹ̀ nìyẹn. Á dún gbàù. Àwọn kan máa ń gé ẹsẹ̀ áàtì kúrò kí èyí má ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo irin ara síkóòpù náà, títí dé orí àwọn bọ́tìnì tí wọ́n ń yí, di iná. Tiransífọ́mà tó ń ya ẹ̀rọ tí ò ń tún ṣe sọ́tọ̀ kúrò lára iná ilé ni oògùn rẹ̀. Nínú síkóòpù fúnra rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún volt ló wà lára túùbù, ó sì lè ṣẹ́kù síbẹ̀ lẹ́yìn tí o ti pa á. Ẹni tí kò bá tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná kúrò lára túùbù tẹlifíṣọ̀n, kó pe ẹni tó mọ̀ ọ́n.

Àwọn tuntun onídíjítà wá ńkọ́? Òótọ́ ni pé wọ́n fúyẹ́, wọ́n ń tọ́jú àwòrán, wọ́n sì lè mú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré tí kò tún ní í ṣẹlẹ̀ mọ́. Síkóòpù àtijọ́ tí kò ní ìpamọ́ kò lè ṣe ìyẹn. Bó bá jẹ́ bí áísíì kan ṣe ń bá òmíràn sọ̀rọ̀ lo fẹ́ máa wò, onídíjítà ni kí o rà. Àmọ́ bó bá jẹ́ ohùn, rédíò, amplifáyà, tàbí pé o fẹ́ mọ bí iná ṣe ń ṣe gan-an, èyí tí kì í lọ́ra tí kì í sì í fi nǹkan kan kún ohun tó rí ni mo máa dìbò fún, kì í sì í wọ́n jù.

Bó bá sì jẹ́ láti Amẹ́ríkà ni síkóòpù àlòkù rẹ ti ń bọ̀, volt 115 ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí a ti lè yí i sí 230, ní ẹ̀yìn tàbí lábẹ́. Wá a rí, yí i, kí o sì wo fíùsì pẹ̀lú: bí volt ṣe di ìlọ́po méjì, bíi ìdajì fíùsì àtijọ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, ìwé rẹ̀ á sì sọ iye rẹ̀ gan-an. Fíùsì ti 115 tí o bá fi sílẹ̀ kò ní í já nígbà tó yẹ kó já. Yọ fíùsì náà kí o tó tan síkóòpù.